Òmìrán Tó Kọ̀ Láti Ṣubú

Àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin. Bàbá Tíńtín tóbi. Kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó pé ó sígbọnlẹ̀, tàbí pé ó lára díẹ̀. Ọkùnrin náà tóbi débi pé ìyá rẹ̀ gan-an máa ń sọ pé òun kò bí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pé díẹ̀díẹ̀ ló ń jáde. Ẹ̀gbẹ́ ló fi ń wọ ẹnu ọ̀nà ilé búrẹ́dì tó ti ń ṣiṣẹ́. Bó bá jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ńṣì ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó wà ní ìpẹ̀kun kejì á gbéra nílẹ̀ díẹ̀, wọ́n á sì máa fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ títí ìwàásù á fi parí. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin, ọmọ náà sì rí bíńtín, ni wọ́n bá ń pè é ní Tíńtín. Bó ṣe di pé gbogbo àdúgbò ń pe òkè ńlá yìí ní Bàbá Tíńtín nìyẹn. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ náà kó tó rí ẹni tó ń jẹ́ ẹ, ẹ̀rín ló máa fi kí i.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni pípo ìyẹ̀fun ní ilé búrẹ́dì. Ẹ̀rọ ìpòyẹ̀fun wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá yọnu, tó sì máa ń yọnu bí ìyàwó tí wọ́n fẹ́ láìbéèrè, apá Bàbá Tíńtín ló ń di ẹ̀rọ. Pẹ̀lú gbogbo ara yìí, ọkùnrin náà kò lè pa eku. Eku kan wà lẹ́yìn àpò fúláwà tí gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀ mọ̀ dáadáa. Ọ̀gá ilé búrẹ́dì ní kó pa á. Ó gbé igi sókè, eku wojú rẹ̀, òun náà wojú eku, ó sì rọra sọ fún un pé kó jọ̀wọ́ kó máa lọ. Eku kò lọ, igi sì padà sílẹ̀.

Kò sí bí irú ara bẹ́ẹ̀ ṣe máa wà ní ṣọ́ọ̀ṣì kó sinmi, pàápàá ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn. Pásítọ̀ wọn fẹ́ràn agbára Ọlọ́run bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn ṣúgà. Àánú Ọlọ́run dára, kò jiyàn. Sùúrù Rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n bó bá ti kan òkun tó pín sí méjì, iná tó já láti ọ̀run, odi tó wó, Pásítọ̀ kì í lè jókòó mọ́. Bíbélì rẹ̀ ti gbó níbi àwọn ojú ewé wọ̀nyẹn, ibi tí wọ́n ti ń sọ pé kí a fẹ́ràn ọ̀tá wa sì mọ́ tónítóní. Lọ́dọọdún, ó máa ń mú iṣẹ́ agbára kan nínú Bíbélì, ìjọ á sì fi ṣe eré. Agbára kì í sì í hàn bí kò bá rí ohun tó máa wó. Ta ló máa wó? Gbogbo ojú a yí sí Bàbá Tíńtín.

Òun ni Fáráò. Wọ́n fi aṣọ búlúù bò ó mọ́lẹ̀, wọ́n gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ títí wọ́n fi kọ orin ìṣẹ́gun tán. Òun ni odi Jẹ́ríkò: wọ́n so pákó mọ́ ọn láyà àti lẹ́yìn, wọ́n kun bíríkì sí i, ó sì ku díẹ̀ kí fèrè dún ni ó sín, ni odi bá wó nígbà tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì kò tíì rìn débì kan. Pásítọ̀ kò gbà kí wọ́n dúró. Ó ní ẹsẹ̀ Bíbélì kò ṣeé gé kúrú, wọ́n sì yí odi tó ti sùn sílẹ̀ ká títí ìyíká fi pé. Òun ni òrìṣà Dágónì tó dojú bolẹ̀ níwájú àpótí májẹ̀mú. Òun ni ẹja tó gbé Jónà mì, ó sì pọ Jónà sáàárín àwọn akọrin olóhùn tín-ín-rín. Ká má fọ̀rọ̀ gùn, kò sí iṣẹ́ agbára kan tí Olúwa ṣe tí kò bọ́ lé ọkùnrin yìí lórí.

Inú rẹ̀ sì ń dùn sí i. Àwọn èèyàn míì mọ orin kọ, òun mọ bí a ṣe ń ṣubú. Lẹ́yìn iṣẹ́, yóò to àpò fúláwà sílẹ̀, yóò máa ṣubú lé e. Ìṣubú ọba yàtọ̀, ó máa ń rọra, wọ́n á di adé mú. Odi kì í tẹ orúnkún, gbọnrangandan ló ń lọ. Òrìṣà ní tirẹ̀, imú ló fi ń ṣáájú. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lè rò pé ọkùnrin náà ti ya wèrè, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni olórin náà ṣe ń rí bó bá ń kọ́ ohùn.

Nígbà tí Tíńtín bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé ni ọ̀rọ̀ dojú rú.

Àárọ̀ kan ni, Bàbá Tíńtín ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ibi iṣẹ́, ìyẹ̀fun ṣì wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀. Ìyá Tíńtín gbàdúrà òwúrọ̀ tán. Bàbá ṣe Àmín, ìyá ṣe Àmín, Tíńtín pa ẹnu dé.

"Tíńtín, Àmín tìrẹ dà?" ni ìyá rẹ̀ wí.

"Èmi àti Ọlọ́run kì í sọ̀rọ̀ mọ́," ni ọmọ náà dáhùn.

Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu kó má rẹ́rìn-ín. "Kí ló fà á?"

Tíńtín kọjú sí bàbá rẹ̀. "Bàbá mi, kí lẹ ṣe fún Ọlọ́run?"

"Èmi? Mi ò ṣe nǹkan kan fún Un."

"Kí ló dé tí Ó máa ń nà yín? Ó rì yín sínú omi. Ó wó yín. Ó dojú yín bolẹ̀. Nílé ìwé wọ́n bi mí pé ta ni bàbá mi, mo ní aṣe-búrẹ́dì ni. Wọ́n ní rárá, pé ẹni tí Ọlọ́run máa ń nà ni."

"Eré ni, ọmọ mi. Eré là ń ṣe."

"Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń ṣe eré," ni Tíńtín wí. "Èyí tó bá ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọọdún, ìjà ni."

 Ìyá Tíńtín tó ń rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀ kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe ti àwàdà, nítorí òru ni wọ́n ń ṣe búrẹ́dì. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, Bàbá Tíńtín á wọ bàtà rẹ̀, á gbé ọmọ sórí bẹ́ẹ̀dì, á ní, "Mò ń lọ síbi iṣẹ́. Ọlọ́run Alágbára ló máa ṣọ́ ilé." Ọmọ náà á sì sùn fọnfọn. Nísinsìnyí, òun àti ẹni tó ń ṣọ́ ilé ti dìjà. Kò sùn mọ́. Ìyá rẹ̀ bá a lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó di ṣíbí onígi mú, ó ní òun ń ṣọ́ ilé fúnra òun, torí pé ẹni tó ń ṣọ́ ọ tẹ́lẹ̀ kò fẹ́ràn bàbá òun. Ojú ọmọ náà pọ́n, ó ń sùn sórí ìwé ní kíláàsì. Tísà ránṣẹ́ pè wọ́n, ó béèrè bóyá nǹkan ń dá wọn láàmú nílé.

Ó dun Bàbá Tíńtín dé egungun. Gbogbo ìgbà tó fi ń ṣubú yẹn, ó rò pé òun ń jẹ́ kí àwọn èèyàn rí bí Ọlọ́run ṣe tóbi tó ni. Kò mọ̀ pé ẹnì kan wà ní ìjókòó iwájú tó ń kà á sí Ọlọ́run lọ́rùn. Ó gbé ọmọ náà sórí itan, ó ní, "Gbọ́ mi. Lọ́dún yìí, mi ò ní ṣubú."

"Ṣé lóòótọ́?"

"Lóòótọ́ ni. Ohun yòówù kí wọ́n ṣe."

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹ̀yìn ìgbà tó sọ ọ́ tán ló rántí pé Dáfídì àti Gòláyátì ni eré ọdún náà.

Ẹni tó máa ṣe Dáfídì ni onígbàjámọ̀ kan nínú ìjọ. Ọkùnrin kúkúrú kan báyìí, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó sì ń kun irun rẹ̀ dúdú kirikiri kó lè jọ ọ̀dọ́mọkùnrin olùṣọ́ àgùntàn. Gbogbo akọni inú Bíbélì ni onígbàjámọ̀ yìí ti ṣe rí. Òun ni Mósè, òun ni Jóṣúà, òun ni Jónà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dárí ji ẹja títí dòní. Ó ń fi kànnàkànnà dánra wò nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ti fọ́ dígí kan, ó sì ti fi etí oníbàárà kan wéwu.

Ní ọjọ́ ìdánrawò, Bàbá Tíńtín fẹ́ fi ọgbọ́n gbé e. "Pásítọ̀, ṣé Gòláyátì kò lè kàn jókòó?"

"Jókòó ṣe kí ni?"

"Kó rẹ̀ ẹ́. Kó jókòó, kó ní òun kò jà mọ́."

Pásítọ̀ yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. "Olúwa kò jẹ́ kó rẹ Gòláyátì, Bàbá Tíńtín. Ó wó o ni. Èmi kì í wàásù nípa Ọlọ́run tó máa ń jẹ́ kó rẹ àwọn èèyàn."

Onígbàjámọ̀ náà ti ń bínú. "Ṣé mo wá wọ gbogbo aṣọ yìí kí n lè wo ẹni tó jókòó ni?"

 Nígbà tí Bàbá Tíńtín délé, ìyàwó rẹ̀ bi í pé, "Ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ máa ṣe?"

"Rárá."

"Ó dáa," ni ìyàwó wí, ó sì lọ bá aṣọ tó ń lọ̀. Obìnrin tó ti pẹ́ lọ́dọ̀ ọkùnrin mọ ìgbà tí ìbéèrè kejì kò wúlò.

Bàbá Tíńtín fúnra rẹ̀ ló ṣe òkúta márààrún tí Dáfídì máa jù. Búrẹ́dì kékeré róbótó ni, ó jẹ́ kí inú rẹ̀ ṣófo, ó sì rọ ìyẹ̀fun gbígbẹ sí i, kó lè jẹ́ pé bó bá ti bà á, yóò tú èéfín funfun tí àwọn tó wà lẹ́yìn pátápátá á rí. Aṣọ ogun rẹ̀ náà, ilé búrẹ́dì ló ti wá: àwọn agolo búrẹ́dì tí wọ́n fi okùn so pọ̀ láyà àti lẹ́yìn, abọ́ ìpòyẹ̀fun ní orí, ọ̀pá gígùn tí wọ́n fi ń fa búrẹ́dì jáde nínú ààrò lọ́wọ́ bí ọ̀kọ̀. Bó bá gbẹ́sẹ̀, á ró gbàngbàlà-gbangbala. Nígbà tó jáde sórí pèpéle, ọmọ ọwọ́ kan bú sẹ́kún, wọ́n sì gbé e jáde.

Tíńtín wà ní ìjókòó iwájú pẹ̀lú ìyá rẹ̀, ó ká apá mọ́ àyà.

Gòláyátì bú àwọn ọmọ Ísírẹ́lì bó ṣe yẹ. Dáfídì fò jáde, ó sọ fún un pé ní orúkọ Olúwa ni òun wá, ó sì sọ ọ́ dáadáa, ká má purọ́. Ó fi kànnàkànnà yí po lókè orí. Òkúta àkọ́kọ́ ba Gòláyátì níwájú orí, pòo, ìyẹ̀fun tú. Pásítọ̀ tó ń ka ìtàn náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle gbóhùn sókè pé òmìrán ṣubú.

Òmìrán dúró.

Pásítọ̀ rò pé abọ́ orí rẹ̀ ni kò jẹ́ kó gbọ́. Ó tún un kà, ó pariwo sí i. Onígbàjámọ̀ ju èkejì. Pòo. Bàbá Tíńtín di funfun láti iwájú orí dé àgbọ̀n, ṣùgbọ́n ó dúró. Ẹ̀kẹta tàsé, ó yí gbirigbiri lọ sábẹ́ ìjókòó iwájú. Ẹ̀kẹrin bá agolo láyà, gbàm. Ẹ̀karùn-ún bọ́ sí i nímú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sín, ó sín sọ́tùn-ún, ó sín sósì, gbogbo ìjọ na ọwọ́ jáde bí ẹni tó fẹ́ gbá a mú. Lẹ́yìn náà ó tún dúró ṣánṣán. Àwọn akọrin tó ti bẹ̀rẹ̀ orin ìṣẹ́gun dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọ̀dọ́ lẹ́yìn ní, "Gòláyátì, má gbà fún wọn o."

Onígbàjámọ̀ sún mọ́ ọn, ó ń sọ̀rọ̀ láti igun ẹnu. "Bàbá Tíńtín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣubú. Àwọn oníbàárà mi pọ̀ níbí."

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Mo ti ṣèlérí."

"Fún ta ni? Fún àwọn Fílístínì?"

Òógùn ti bo Pásítọ̀. Gbogbo ọdún tó fi ń wàásù agbára, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní ohun tí wọ́n ń ṣe bí agbára bá pẹ́ kó tó dé. Ó na ọwọ́ sí òmìrán, ó ní, "Ní orúkọ Olúwa, wó lulẹ̀." Àwọn tó rò pé àdúrà ni dáhùn pé Àmín.

Níwájú, ojú Tíńtín ti ń tàn bí àtùpà tẹ́lẹ̀. Bàbá rẹ̀ dúró. Wọ́n sọ̀kò lù ú, ó dúró. Wọ́n gbàdúrà lé e lórí, ó dúró. Ṣùgbọ́n bí ilé ṣe ń parọ́rọ́, bẹ́ẹ̀ ni ojú ọmọ náà ń yí padà. Ó wo Pásítọ̀, ó wo òkè àjà, ó tún wo bàbá rẹ̀. Ìgbà tó yá, ó dìde, ó rìn lọ sí etí pèpéle, òkúta kẹta tó yí sábẹ́ ìjókòó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti gé e jẹ díẹ̀.

"Bàbá mi," ni ó wí, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì sì gbọ́ ọ, "ṣé agbára Ọlọ́run ti tán ni?"

Háà.  Bàbá Tíńtín, tí òkúta kò lè wó, bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, agolo ń ró, títí ojú rẹ̀ funfun fi kan ojú ọmọ náà.

"Kò tán o. Kò lè tán."

"Ta ló máa wá ṣọ́ ilé bí ẹ bá lọ síbi iṣẹ́?"

"Òun náà ni."

"Ṣùgbọ́n kò lè wó yín."

"Ìwọ lo ò fẹ́ kí n ṣubú, Tíńtín. Ìdí tí mo fi dúró nìyẹn."

Tíńtín rò ó, ó ń jẹ òkúta lọ. Pásítọ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀, Ìyá Tíńtín sì wò ó ní ìwò kan tó mú kó pa ẹnu dé.

"Ṣé ó máa ń dùn yín bí ẹ bá ṣubú?"

"Kò dùn mí rí. Mo mọ̀ ọ́n ṣe ni. Ọlọ́run kò nà mí rí, ọmọ mi. Ta lo rò pé ó máa ń gbé mi dìde lẹ́yìn eré?"

"Àwọn akọrin ni," ni Tíńtín wí. "Mẹ́fà nínú wọn."

Òótọ́ ni. Àwọn akọrin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà mi orí, wọ́n rántí ẹ̀yìn wọn.

"Ó dáa, àwọn akọrin ni," ni bàbá rẹ̀ wí. "Ṣùgbọ́n ta ló ń fún wọn lágbára? Ṣé o rò pé ó rọrùn láti gbé mi?"

Tíńtín wo bàbá rẹ̀ láti abọ́ orí dé bàtà, ó wo àwọn akọrin, pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni gbogbo wọn. Ó hàn lójú rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kàmàmà, pé iṣẹ́ agbára tó ju òkun pípín lọ ti ń ṣẹlẹ̀ níwájú òun lọ́dọọdún, tí òun kò sì kíyè sí i.

"Ẹ dìde dúró," ni ó wí.

Bàbá Tíńtín dìde dúró. Ọmọ náà tẹ̀ sẹ́yìn, ó sì ju èyí tó kù nínú òkúta náà. Bí a bá ju òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ló ń bá. Kò tilẹ̀ dé iwájú orí, orúnkún ló bà. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì rí ìṣubú rí. Ọkùnrin náà fi ti ọba, ti odi àti ti òrìṣà pọ̀ mọ́ra. Ó yí po, ó ju ọ̀kọ̀ sókè, ó di abọ́ orí rẹ̀ mú bí adé, ó sì lọ lulẹ̀ gbọnrangandan, agolo fọ́n ká, aṣọ ìkélé já, fèrèsé méjì ṣí fúnra wọn. Ìjọ hó yèè. Pásítọ̀ fò sókè, ó ń ké pé, "Ẹ ò rí i? Ẹ ò rí agbára?"

Inú onígbàjámọ̀ nìkan ni kò dùn. Gbogbo ọdún tó fi ń ṣe akọni, ọmọ kékeré wá fi búrẹ́dì àjẹkù gba ìṣẹ́gun mọ́ ọn lọ́wọ́. Ohun kan ló kù fún un. Ó fa idà onígi rẹ̀ yọ, ó tọ òkú náà lọ láti gé e lórí.

Tíńtín gun pèpéle, ó dúró sáàárín wọn.

"Bọ́ọ̀dá onígbàjámọ̀, ẹ fi orí bàbá mi sílẹ̀."

"Tíńtín, ó wà nínú Bíbélì pé kí n gé e."

"Ó ti ṣubú. Ó ti tó. Bí orí lẹ fẹ́ gé, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù yín."

Onígbàjámọ̀ yíjú sí Pásítọ̀. Pásítọ̀ wo ojú ewé tó wà níwájú rẹ̀, ó wo ọmọ tó na apá méjèèjì bí ẹnubodè, ó wo òkú tó ti ń fi ojú kan yọjú. Ọkùnrin tí kì í gé ẹsẹ̀ Bíbélì kúrú yìí ti ìwé náà dé. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká fi orí náà sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà."

Kò sí àyè mọ́ lórí pèpéle, torí òmìrán ti gba gbogbo rẹ̀, ni Tíńtín bá jókòó lé e ní ikùn, ó sì di ojú. Pásítọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó ń wó ohun gíga, ó mí kanlẹ̀, ó sì tún dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹni tó ń gbé ohun tó wó dìde. Nígbà tó parí rẹ̀, Àmín kan jáde láti orí ikùn Gòláyátì, ó rinlẹ̀ ju ti gbogbo akọrin lọ. Àwọn tó wà níwájú sì rí i pé ọmọ náà ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀, nítorí pé òkú tí Tíńtín jókòó lé ń sunkún.